Ojú Kejì Bàbá Mi

Bí bàbá mi bá fẹ́ da ògùrọ̀ sínú ife, á kọ́kọ́ fi ẹnu ìgò kan etí ife náà. Á jẹ́ kí ó dún kín-ín, kí ó tó wá dojú ìgò délẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò ó sí àṣà àwọn àgbà Efire, bíi pé èèyàn gbọ́dọ̀ kí ẹmu kí ó tó mu ún, èmi náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí mo bá ń da omi fún àlejò. Mo ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó tó yé mi. Bàbá mi rí ìgò, ó sì rí ife. Ohun tí kò rí ni àlàfo tó wà láàárín wọn. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní.

Ọdún 1971 ni ojú òsì rẹ̀ lọ, ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó bí mi. Efire jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìjẹ̀bú tó wà létí omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ogun Waterside lónìí, tí Abigi jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ìwọ̀ ni bàbá mi fi ń pẹja lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀ há mọ́ gbòǹgbò kan nísàlẹ̀ omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á, gbòǹgbò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ó ní òun ò tilẹ̀ rí i nígbà tó ń bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ délé, ìwọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, okùn ìwọ̀ wé mọ́ ọn lọ́rùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di ilé ìwòsàn ńlá kan.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lójú bàbá mi. Ó ní ojú náà kò ní ríran mọ́, èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó wá fi kún un pé ó yẹ kí àwọn yọ ọ́ kúrò kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí bí ó bá wà níbẹ̀, èkejì lè fọ́ tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà fàáké kọ́rí. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú ọ̀tún ò sí níbẹ̀ nígbà tí ìwọ̀ gún òsì. Kí ló kàn án?" Ó ń fura pé wọ́n fẹ́ gbé ẹyinjú ọmọ òun lọ fi ṣe nǹkan. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò gbà.

Ní ọjọ́ kẹrin, dókítà náà, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Màmá, ìbejì ni ojú méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, kí ni ẹ máa ń ṣe kí èkejì má baà tẹ̀ lé e?" Ìyá àgbà ò dáhùn. Ó ti tọ́jú ère ìbejì rí, ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fi osùn pa á lára, ó ti fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ó dìde, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ibùsùn, ó ní kí ó jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́.

Ohun tí dókítà yẹn mọ̀ ni mo wá kà nípa rẹ̀ nígbà tí mo dàgbà, kò sì tíì yé yà mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, tí ń bá àrùn jà, kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ inú ẹyinjú. Ara dá ibẹ̀ pamọ́ fún wọn. Bí nǹkan mímú bá gún ojú dé inú, ohun tí ó wà ní ìpamọ́ á tú síta. Wọn á rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn á sì pè é ní àjèjì. Wọn á gbógun tì í. Wọn á tún kọjá lọ bá ojú tí ohunkóhun kò ṣe, nítorí ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Kì í ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn sì wà lónìí tó lè ká a lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n nígbà náà, kí a tètè yọ èyí tó ti bàjẹ́ ni ààbò tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù. Orúkọ tí àwọn oníṣègùn sọ àìsàn yìí ní èdè tiwọn, ìbákẹ́dùn ló wà nínú rẹ̀: ojú kejì ń bá èkíní kẹ́dùn títí tí òun náà fi kú.

Ọmọ kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé, Louis Braille, tí wọ́n bí ní 1809, kò rí ẹni yọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ gún un lójú kan. Kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ojú kejì ti tẹ̀ lé e. Òun ni ó dàgbà tó ṣe ìwé tí àwọn afọ́jú fi ọwọ́ kà káàkiri ayé, tó gbé e jáde ní 1829. Àmì mẹ́fà ni ó fi ṣe é, ní ìlà méjì: mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Ìgbàkigbà tí mo bá rí i, bàbá mi ni mo máa ń rántí, àti obìnrin àgbàlagbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ohun tó jẹ́ méjì yé Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí oníṣègùn Patrick Nylander ń ka ìbímọ ní agbègbè Ìbàdàn ní nǹkan bí 1960 sókè, ó rí i pé nínú ìbímọ 1,000, nǹkan bí 45 jẹ́ ìbejì, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ jìnnàjìnnà. Igbó-Ọrà sì ti di ìlú tí àlejò ń wá wo nítorí wọn. Síbẹ̀, a kò fi ìgbà kan ka ìbejì sí ẹni kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ló sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni ó rán Táíwò pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tún àti òsì ṣe rí láàfin: oyè Ọ̀tún wà, oyè Òsì wà, méjèèjì ń ti ọba lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó sí ipò kan náà. Ojú tí àwọn bàbá wa fi wo méjì ni pé ó lẹ́gbọ̀n, ó lábúrò.

Àwọn ará ilé máa ń sọ pé bàbá mi pàdánù ìdajì ìríran rẹ̀. N kò gbà. Ẹni tó bá fi ọwọ́ bo ojú kan yóò rí i pé ayé ò dín sí ìdajì. Ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò ṣú díẹ̀, ohun tó kù á wà níbi tó wà. Ohun tó lọ jẹ́ ohun tí kò sí lọ́wọ́ ojú kankan fúnra rẹ̀. Ní 1838, onímọ̀ kan, Charles Wheatstone, fi èyí hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ya àwòrán ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan bí ojú ọ̀tún ṣe ń rí i, ọ̀kan bí ojú òsì ṣe ń rí i, ó fi dígí gbé ìkọ̀ọ̀kan síwájú ojú tó ni ín. Lójú ẹsẹ̀, àwòrán méjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ di ohun kan tó dìde dúró, tó ní iwájú, tó ní ẹ̀yìn. Àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú wa méjèèjì kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà àti díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó kí ohun tí èyí rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí tọ̀hún rí. Ọpọlọ á fi wọ́n wé ara wọn. Inú ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni jíjìn ti ń jáde. Ká ní wọ́n rí bákan náà pátápátá ni, ìgò àti ife ì bá lẹ̀ mọ́ra lójú gbogbo wa bí wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ra lójú bàbá mi.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Òṣùgbó ni a ń pe Ògbóni, ọ̀rọ̀ wọn kan sì wà tó ti di ti gbogbo ènìyàn: Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Èmi kì í ṣe ọmọ awo; ohun tí ojú gbogbo ayé ń rí ni mo ń sọ. Edan wọn tí a fi idẹ rọ jẹ́ méjì, akọ àti abo, ẹ̀wọ̀n ló so orí wọn pọ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn, nílẹ̀ tí a kì í ti í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo ti ronú sí èyí títí. Lójú tèmi, ẹ̀ta tí ojú méjì ń bí ni jíjìn. Ẹ̀ta tí etí méjì ń bí ni ọ̀nà tí ohùn gbà wá: bí ẹnì kan bá pe bàbá mi láti orí ọ̀sà lóru, ohùn náà á dé etí kan ṣáájú èkejì, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ó ti mọ apá ibi tí yóò kọ orí ọkọ̀ sí. Ọwọ́ kan kò lè ta kókó sí àwọ̀n.

Ní ti bàbá mi, ó wá ọ̀nà. Bí ó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ kan ṣe jìnnà tó, á mi orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, á mi ín sósì, ojú kan ṣoṣo náà á sì rí ọkọ̀ láti ibi méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí adìẹ ṣe ń na ọrùn kí ó tó ṣá àgbàdo nìyẹn. Àwọn ọmọdé máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Inú ń bí mi sí wọn, ó sì ń bí mi dòní.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù ní Agọ́-Ìwòyè. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni kí a ṣẹ́ aṣọ po sí méjì, kí a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìdajì, kí a gé e lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá tú u, ọrùn á jáde ní róbótó, apá ọ̀tún á bá ti òsì mu. N kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi níṣẹ́ yìí tó ìgbà tí aṣọ ń tú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá gbé e wọ̀, èjìká kan á jókòó, èkejì á ṣẹ́ po. Ọ̀gá mi á kúnlẹ̀ tì í, pínnì lẹ́nu rẹ̀, á ní, "Téèpù ò parọ́. Wọn apá méjèèjì." Àwa ọmọṣẹ́ a máa wọn ẹyọ kan, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún méjì. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wọn káfíńtà kan tó wá rán bùbá fún ọdún. Apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju òsì lọ ní ìdajì íǹṣì, èjìká ọ̀tún náà sì rẹlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó fi ń gbé pákó. Ọ̀gá mi gé apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí tábìlì, aṣọ náà dà bí àṣìṣe. Lára káfíńtà, ó gún régé, ọkùnrin náà sì wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ ohun tí a ṣe.

Awọ ara lásán sì nìyí. Bí a bá wọ inú, kò dọ́gba rárá. Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún pín sí mẹ́ta, ti òsì pín sí méjì, nítorí ọkàn ti gba díẹ̀ nínú ààyè rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ jókòó sápá ọ̀tún, ó wúwo, kíndìnrín ọ̀tún sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti òsì lọ nítorí rẹ̀. Mo máa ń rántí Ifá níbí. Nínú Odù 256, 16 péré ni ìlà ọ̀tún wọn àti ìlà òsì wọn jẹ́ bákan náà. Àwọn ni à ń pè ní méjì, Èjì Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, títí dé orí Òfún Méjì, àwọn náà ni àgbà. 240 tó kù jẹ́ àmúlù, ọ̀tún ń sọ tirẹ̀, òsì ń sọ tirẹ̀, a ó sì fi orúkọ méjèèjì pe ọmọ kan, ọ̀tún ṣáájú. Lóde ara, a jọ méjì. Nínú, àmúlù ni wá.

Ta ló wá sọ fún ọkàn pé kí ó kọrí sósì? Ìbéèrè yìí ló mú mi jókòó ti ìwé títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kan, nítorí ìdáhùn rẹ̀ bá mi láti ilé. Omi ni. Nígbà tí oyún kò tíì pé oṣù kan, ihò kékeré kan wà lára rẹ̀, irun wínníwínní wà nínú ihò náà, irun yẹn á máa yí bírí, á sì máa ti omi díẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ sí apá kan ṣoṣo: òsì. Àwọn onímọ̀ kan ní Japan fi èyí hàn lára ọlẹ̀ èkúté ní 1998. Ibi tí ìṣàn náà kọrí sí ni òsì yóò ti mọ̀ pé òun ni òsì. Àwọn kan wà tí irun wọn yìí kò lè yí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ọkàn wọn wà lápá ọ̀tún, tí ẹ̀dọ̀ wọn wà lápá òsì, bí ìgbà tí a ju owó ẹyọ sókè. Bí ìṣàn bá kọ̀, àyànmọ́ di ọ̀kan nínú méjì. Èmi ọmọ etí omi, tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kí ó wo ìṣàn kí ó tó gbé àjẹ̀, ìdùnnú tí èyí fún mi kò ṣeé fẹnu sọ.

Kíndìnrín ni kò bá ti ojú lọ. Òun kì í bí ẹ̀ta. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, ọ̀kan lè ṣe é tán, bí èkejì bá sì lọ, èyí tó kù á tóbi sí i láti gba ẹrù rẹ̀. Nítorí èyí ni èèyàn fi lè fúnni ní ọ̀kan. Ìbejì ni ó sì kọ́kọ́ ṣe é tó yọrí: Ronald Herrick fún Richard, ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ gbé inú ẹyin kan ṣoṣo jáde, ní Boston, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1954, lábẹ́ ọwọ́ dókítà Joseph Murray. Ara Richard kò mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo kíndìnrín àlejò, wọ́n rí ojú ilé. Ọdún mẹ́jọ ni ó tún lò. Ronald fi ọ̀kan tó kù gbé ayé títí di 2010. Ní ilẹ̀ wa, ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ní 2000.

Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn kan ṣe gbọ́ pé ọ̀kan tó, tí wọ́n sì sọ èkejì di ọjà. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀yà ara, síbẹ̀ à ń gbọ́ nípa àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi owó tàn. Wọ́n á sọ fún ọmọ náà pé èyí tí ó fẹ́ tà kò wúlò fún un. Bàbá mi kò ka ojú òsì rẹ̀ sí èyí tí kò wúlò títí ó fi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ kí ọ̀tún lè yè. Ní gbogbo ọdún, bí oṣù tí ó ṣẹlẹ̀ bá tún dé, ọjọ́ kan wà tí kì í lọ sódò. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ìyá mi ló sọ ọ́.

Ìyá mi fẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ojú náà ti lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, apá òsì bàbá mi ni ó máa ń rìn. Ọ̀nà oko, ọ̀nà ọjà, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: òsì. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Bí nǹkan bá sì ń bọ̀ láti apá ibi tó ṣókùnkùn sí bàbá mi, á sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìyí orí padà, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Kẹ̀kẹ́ ń bọ̀. Kòtò wà níbí. Bàbá Àjọ ń juwọ́ sí ọ." Bàbá mi á juwọ́ sí apá tí kò rí.

Ó kú ní 2009. Lọ́dún tó kọjá mo lọ sí Efire, èmi àti ìyá mi jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé eteetí koríko lápá òsì ni ó ń rìn, ààyè ẹnì kan ṣófo lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀nà náà kò sì fẹ̀. Àwọn tó ń pàdé wa ń yà fún ààyè náà. Mo sáré bọ́ sí òsì rẹ̀ kí n lè dì í lápá mú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yẹ̀ sínú koríko.

Ó ní, "Ibí yìí tèmi ni. Bọ́ sí ọ̀hún."

Mo bọ́ sí ọ̀tún. A kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́, láìyí orí padà: ọ̀kadà ń bọ̀, ewúrẹ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ ti já, ọmọdé kan ru omi, jẹ́ kí ó kọjá.